Sípíkà Alátakò

Mo rántí ìgbà tí mo fi Ọjà Àlàbá sílẹ̀, níbi tí mo ti ń tún sípíkà ṣe, tí mo gba Brazil lọ. Mo rò pé wọ́n ń ká owó lórí igi níbẹ̀ ni. Hà! Ojú mi rí màbo. Iṣẹ́ sípíkà náà ni mo tún bá pàdé: olóṣèlú àgbà kan gbà mí kí n máa bójú tó sípíkà ọkọ̀ tó fi ń polongo ìbò.

Bàbá yìí ti ṣe kánsẹ́lọ̀, ó ti ṣe gómìnà. Ipò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá fẹ́ padà síbẹ̀. Nínú òṣèlú, kò sí lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, àárín ló jókòó sí. Tọ̀tún ń bú u, tòsì ń bú u, ó sì ń bá gbogbo wọn mu kọfí. Tó bá wọlé, iṣẹ́ mi dúró. Tó bá fìdí rẹmi, mo di èrò Ọ̀jọ́ ní Èkó lọ́wọ́ òfo nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpolongo tó kẹ́yìn, àwa àti alátakò wa pàdé ní gbàgede kan náà. Àfi bí sípíkà tiwọn ṣe dákẹ́ rọ́rọ́! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run ti jà fún wa. Ni ọ̀gá mi bá ní, "Lọ bá wọn tún un ṣe."

"Ẹ̀yin, sà! Ṣé ẹ ò fẹ́ wọlé mọ́ ni?"

"Tí àwọn èèyàn ò bá gbọ́ ti alátakò mi, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé tèmi dáa jù?"

Ẹni bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ń kùn, mo tún un ṣe, ló bá dún ju tiwa lọ! Síbẹ̀, bàbá wọlé. Mo jó títí bàtà mi fi já.

Mo ti padà sí Òkòkómáíkò tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo díje fún alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, mo ń yan bíi gómìnà, mo ṣèlérí géètì ńlá. Màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì, ló ń bá mi du ipò náà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, sípíkà wọn kọ̀, kò dún. Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo rántí ọ̀gá mi, mo dìde, mo tún un ṣe. Màmá wá ṣàlàyé bí a ṣe máa la gọ́tà, kí omi òjò tó ń ya wọlé wa lè rí ibi gbà. Àwọn èèyàn gbọ́ ti màmá, wọ́n sì rí i kedere pé ó dáa ju tèmi lọ. Wọ́n fìbò lù mí bolẹ̀! Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, ìyàwó mi sì yínmú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ba ti ara mi jẹ́.

Lánàá, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo omi tó ń gba inú gọ́tà tuntun tí màmá là lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ gbẹ.

"Dádì," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ sípíkà ọjọ́sí o."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ká ní géètì tèmi ni wọ́n ṣe, omi á kàn kí i ni, á sì wọlé.