Wíìgì Tí Mo Fọ̀ Ní Bwari

Mo rántí ìgbà tí adájọ́ kan nílùú Àbújá yìí dìde lórí àga rẹ̀, tó ṣí wíìgì lórí, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú káfíńtà kan, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì wá." Èmi alágbàfọ̀ ni mo fà á. Omi, ọṣẹ àti búlúù ni mo fi ṣe é. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó mú sùúrù kí n sọ ọ́ dópin. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ torí tíṣà ní òun ò ní nǹkan mìíràn láti kọ́ mi mọ́, ẹ sì mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í parọ́.

Bwari ni mò ń gbé nígbà náà, nísàlẹ̀ òkè, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ di lọ́yà ti ń kọ́ṣẹ́. Gáùn dúdú ló ń bọ́ mi. Mo ti lọ gáùn débi pé bí mo bá dijú, imú ni mo fi ń mọ ti ẹni tó borí lẹ́jọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó pàdánù. Káfíńtà tí mò ń wí yìí, ọmọ Ìlọrin ni, ògiri kan ló là wá láàárín, òun ló sì kan tábìlì tí mo fi ń lọṣọ. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé jẹnẹrétọ̀ wá bá a pé kó kan àpótí tí òun yóò máa tì í mọ́ nítorí àwọn olè. Àṣé jíjí ni jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọn kò bá oníbàárà, káfíńtà tó ń wọn igi ni wọ́n bá. Wọ́n sì mú un lọ.

Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n láìjẹ́ pé adájọ́ kankan dá a lẹ́bi. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dé kóòtù, wọ́n á ní wọn ò rí fáìlì. Bó bá tún padà lọ, wọ́n á ní kó lọ mú lọ́yà wá. Lówó wo? Ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ náà gan-an, ká ní wọ́n mú un lọ́jọ́ yẹn ni, ì bá ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán, ì bá ti délé, ì bá sì ti jí òmíràn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí kò wá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan, tó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Kí la ó pe ìyẹn?

Lọ́yà obìnrin kan wà, ọmọ Èkìtì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì máa ń gbé gáùn wá fún mi. Òun ló gbọ́ ẹkún ìyàwó káfíńtà láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ní àwọn lọ́yà agbègbè wa fẹ́ kówó jọ láti máa gba ẹjọ́ àwọn tí kò lẹ́nì kankan rò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn lọ́yà kò ní gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kóòtù ń gba owó ìwé, awakọ̀ náà sì ń gba tirẹ̀. Wọn yóò pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọn yóò sì lu wíìgì lọ́yà tó dàgbà jù láàárín wọn ní gbàǹjo. Ó ní, "Bàbá, bí owó yẹn bá fi lè jọ, ẹjọ́ káfíńtà la ó kọ́kọ́ mú." Ló bá gbé gáùn lọ́yà àgbà náà kalẹ̀, ó gbé wíìgì inú agolo tì í. "Gáùn nìkan ni kí ẹ lọ̀ o. Mò ń bọ̀ wá kó méjèèjì lọ́sàn-án."

Ta ló rán mi ní ṣíṣí agolo? Wíìgì tí mo bá níbẹ̀ pọ́n bíi koríko inú ọyẹ́, ó sì ń rùn bí ẹ̀yìn etí ewúrẹ́. Mo ní ta ni yóò fowó ra irú èyí? Ṣé ìdọ̀tí orí ẹlòmíràn ni yóò wá sọ ọ̀rẹ́ mi di ará ẹ̀wọ̀n títí ayé? Mo bu omi gbígbóná, mo fi ọṣẹ gbo ó, mo rẹ ẹ́ sínú búlúù. Irun ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan náà. Nígbà tí omi kẹta kàn án, mo gbọ́ tí ẹṣin yán. Mo dé e sórí odó ìyàwó mi nínú oòrùn. Nígbà tó fi máa gbẹ, ó funfun bíi lékeléke.

Lọ́yà obìnrin yẹn dé, ó figbe ta. "Yéè! Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Mo bá yín fọ̀ ọ́ ni. Ẹ má san nǹkan kan."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní láàárín àwọn lọ́yà, ọmọdé ló ń dé wíìgì funfun. Bó bá ṣe pọ́n tó ni wọ́n fi ń mọ àgbà. "Ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ fi ọṣẹ ṣàn dà sí gọ́tà yẹn. Ta ló fẹ́ rà á báyìí?" Mo ti ń fọṣọ wọn fún ọdún mọ́kànlá, n kò mọ̀. Iṣẹ́ wo lẹ tún ti rí tí ìdọ̀tí ti jẹ́ oyè? Ìyàwó káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Kò bú mi. Ó kàn gbé kúlà oúnjẹ tó fẹ́ gbé lọ fọ́kọ rẹ̀, ó sì kọjá lójú mi láìkí mi.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, lọ́yà àgbà dé wíìgì rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀rín bú sílẹ̀.

"Kai! Ẹ káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ o, ọmọ tuntun!"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún yín bí?"

Èèyàn ńláńlá ń fi ọwọ́ di ikùn mú, ìyàwó káfíńtà sì wà láàárín wọn tó káwọ́ lérí. Mo dìde láti ẹ̀yìn, mo ní, "Èmi ni mo fọ̀ ọ́! Ìdọ̀tí orí irun ẹṣin lẹ̀ ń ṣàárò. Káfíńtà kan wà látìmọ́lé tí ìdọ̀tí ọdún mẹ́ta wà lára rẹ̀, ta ni yóò náwó lé ìyẹn?"

Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jókòó jọ̀ọ́." Lọ́yà àgbà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí di ọmọ tuntun?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Lọ́yà tuntun kì í ṣa ẹjọ́, kì í sì í rí ẹni rán níṣẹ́. Ẹ gbé ẹjọ́ káfíńtà fún mi." Ló bá ṣí wíìgì, ó yí i padà bí igbá. "Ìrànlọ́wọ́ wa ni ọ̀fẹ́ o. Ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kó sanwó rẹ̀." Ó gbé e yí gbọ̀ngàn ká. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá arúgbó yẹn fi tò sí ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, láàárín àwọn lọ́yà tó lè bí lọ́mọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Sànnu, Bàbá. Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ dàgbà tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe lọ́yà?" Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú gíláàsì ojú rẹ̀ tó jábọ́, ó rí pébà kan lábẹ́ fáànù akọ̀wé, tí wọ́n ká, tí wọ́n fi gbé e ró kó má baà máa mì. Fáìlì káfíńtà ni. Ọdún mẹ́ta! Ìyàwó èèyàn ń wọ mọ́tò wá, ó ń sunkún padà, ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ fáànù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹni tó ń sọ fún un pé òun kò rí i!

Adájọ́ ka ìwé náà láàárín ìgbà tí mo fi ń lọ gáùn kan. Ó ní ẹjọ́ kankan kò sí lọ́rùn ọkùnrin yìí, kó máa lọ ilé. Nígbà tó délé, ikán ti jẹ pákó rẹ̀ tán. Ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán sà," bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Orozo ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ọwọ́ mi kò lè fún aṣọ mọ́. Wíìgì lọ́yà obìnrin yẹn náà ti ń pọ́n. Wọ́n ṣì ń kówó jọ, ó sì sọ fún mi pé àwọn tí fáìlì wọn sọnù kò tíì tán.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dúró dè mí. Ẹṣin kò yán, ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tó jọ irọ́ jù, fáìlì abẹ́ fáànù, òótọ́ ni. Ibi tí mo ti parọ́ ni ti adájọ́ tó dọ̀bálẹ̀. Adájọ́ kò dìde rárá. Ó ní kó máa lọ, ó sì nawọ́ mú fáìlì tó kàn. Káfíńtà ṣì dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ẹnu adájọ́, bí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ kù. Ọ̀rọ̀ kankan kò kù. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Ẹ̀bẹ̀ yẹn, èmi ni mo fi kún un.