Ẹ̀rọ Tí Mo Rà Nítorí Ojú Bàbá Mi

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀dà mọ́tò òun ti ṣá. Ó jókòó síta ilé wa ní Bódìjà, ó kọjú sí mọ́tò náà, ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀. Mọ́tò dúdú ni. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

“Ó rí wúruwùru,” ó ní. “Bí ìgbà tí wọ́n da eérú sí i lára.”

Ìyá mi wò mí, èmi náà wò ó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ gbọ́ ohun tí dókítà ojú wí. Ó ní ìfúnpá inú ojú ti ba iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ jẹ́, pé èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní oògùn tí òun fún wa kàn ń bẹ èyí tó kù ni, kó má tètè lọ. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ìyá mi lọ́wọ́ láìjiyàn. Èmi ni mo bú sẹ́kún níwájú àwọn aláìsàn tó tò sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́, pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń ríran ni kí ẹ máa sunkún,” Bàbá dá a lóhùn. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni pé ọ̀dà náà ti ṣá díẹ̀. Oòrùn ti jẹ ẹ́ lórí, oje igi máńgòrò sì ti ta sí i lára. Òótọ́ kékeré yìí ni mo dì mú. Mo ní bí mo bá mú kí mọ́tò yìí dán, tí Bàbá sì rí i pé ó dán, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò tíì bàjẹ́ tó bí dókítà ṣe wí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ní gbogbo ìwé tí òun rán mi lọ kà, ibi tó gbé mi dé náà nìyí. Inú bí mi. Nígbà tí inú bá ń bí mi ni mo máa ń náwó.

Mo kọ́kọ́ bi ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò ní Ṣálẹ́ǹjì. Ó ní ọ̀dà tó ti pẹ́ tó báyẹn ti fẹ́lẹ́, pé bí mo bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán, irú èyí tó ń yí lójú kan, lé e, yóò jó o dé irin. Èyí tó ń yí tó tún ń gbọ̀n ni kí n wá, torí kì í pẹ́ lójú kan. Mo wọ takisí, ó di Dùgbẹ̀.

Alájà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ tí mo yà sí. Mo bi í léèrè èyí tí kì í jó ọ̀dà.

“Èyí ni, ọmọ mi. Dúà-ákíṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, ó ń yí, ó sì ń gbọ̀n.”

“Ṣé ojúlówó ni, mà?”

“Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ níbí kóo tó lọ. Bó bá ti kọjá gọ́tà yẹn, mi ò gbà á padà o, ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ bú mi.”

Ilẹ̀kùn mọ́tò àlòkù kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mo kọ́kọ́ gbé èyí tó ń yí lójú kan, torí mo fẹ́ mọ ìyàtọ̀. Ó wọ́ mi lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ ká so òun. Èkejì kàn ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo nu ìpara tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán kúrò, mo rí eyín ara mi lára ilẹ̀kùn náà. Mo mú un, mo mú ìpara àti fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń fi sí ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Alájà ní Ọlọ́hun á jẹ́ ká rí i lò. Mo ṣe àmín débi pé ó tún ojú mi wò.

Ní Sátidé, wọ́n mú iná wá. Bàbá fọ mọ́tò, mo nù ún gbẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣe é, ìwọ̀n ibi tí àtẹ́lẹwọ́ méjì lè bò, kí n tó sún síwájú. Apá ń ro mí. Bàbá jókòó, ó ń fetí bá mi ṣọ́ ọ. “Máa rọra,” ni ó ń wí. “Má tẹ̀ ẹ́.” Nígbà tí mo nu bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, mo rí ewé máńgòrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí aṣọ ìyá mi lórí okùn.

“Bàbá, ẹ wá wò ó.”

Ó dìde. Ó tẹ̀ síwájú, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ wo fóònù. Ojú rẹ̀ hàn nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kedere, títí kan irùngbọ̀n funfun tí abẹ rẹ̀ fò ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lára.

“Ó ń yọ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kò dán.”

Mo tún fi aṣọ nu ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ. Àbí lójú tìẹ, ó dán?”

Ìyá mi ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti la ẹnu láti yin iṣẹ́ mi. Mo mi orí sí i. Ó wo Bàbá, ó wo mọ́tò, ó sì padà sínú ilé.

“Kò dán, sà,” mo ní. “Wọ́n rẹ́ mi jẹ.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ara tù ú. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. “Dá a padà fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn tàn ẹ́.”

Mo ní mo gbọ́. Mo ń ká wáyà ẹ̀rọ náà nígbà tó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, tó na ọwọ́ síwájú, tó ń wá nǹkan.

“Àga mi dà?”

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló wà.