Àwọn Òdo Inú Àtẹ Mi

Ìjọba fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa pa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn aláboyún tó ń lò ó kò tó nǹkan, kí á máa lọ sí èyí tó wà ní Fate. Àwọn àgbà àdúgbò lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlera. Ọ̀gá obìnrin tó gbà wọ́n lálejò ní òun kò lè gbé ẹ̀bẹ̀ síwájú àwọn tó rán òun, ìwádìí ni òun fẹ́. Kí ẹnì kan lọ láti ilé dé ilé, kó mú iye ọmọ tí wọ́n bí wá, kó mú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin wá, kó sì tò wọ́n kí ojú lè rí i. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Èmi ni mo lọ sí yunifásítì láyé àtijọ́, èmi ni mo kọ́ bí a ṣe ń wádìí ìgbé ayé àwùjọ.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ju ìdùnnú náà lọ, nítorí ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn. Oyún wà nínú rẹ̀, oṣù rẹ̀ sì ń súnmọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ná ọjà Òkè Ọya, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ìgbà tí wọ́n ń tún òrùlé ilé ìgbẹ̀bí yìí ṣe ni ó bí àkọ́kọ́. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù la gbé e sí ní ìdájí, à ń lọ sí Fate. Nígbà tí a dé ọjà Ipata, àwọn ọkọ̀ akóṣu ti dí ọ̀nà pa. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń fi fìlà bẹ awakọ̀ kan. Ó ní, “Bàbá, ibo lẹ fẹ́ kí n gbé e gbà? Ṣé kí n fò ni?” Kò parọ́, kò sí ibi tó lè gbà. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tó dé. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin mi kì í gba Ipata kọjá mọ́. Bí ó bá fẹ́ ra ata, á yí ìlú po.

Mo kọ ìwé ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Láyé ìgbà wa, kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ yàrá la máa ń tẹ́ ìwé ìbéèrè sí. Láti ka èsì, a ó fa igi mẹ́rin, a ó fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá a máa fi ohùn ewì pe èsì, èmi a sì máa fa igi. Ọ̀rẹ́ mi náà ti lọ. Olùkọ́ wa a máa sọ fún wa pé, “Ibi tí ẹnì kan kò bá kọ nǹkan sí, ẹ má fò ó. Ẹ padà lọ bi í pé kí ló dé.” A máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ bó bá ti jáde.

Ìbéèrè kan nínú ìwé mi ló dá wàhálà sílẹ̀: ọmọ mélòó lẹ bí? Ní agbo ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ìyálé kan ń sẹ́ ògì. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú omi, ó wò mí.

“Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ń béèrè irú èyí? A kì í ka ọmọ f'ọlọ́mọ.”

“Mo mọ̀. Ìjọba ló fẹ́ mọ̀.”

“Kí ìjọba lọ ka tirẹ̀.”

Ìyàwó kékeré ilé náà ké láti inú yàrá pé, “Àbí ẹ fẹ́ rà wọ́n ni? Mo lè fi ọ̀kan ta yín lọ́pọ̀. Ó ń jẹun jù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fa ìlà kékeré sí àyè náà, mo sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Bákan náà ló rí ní ilé tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. “Alhamdulilahi, Ọlọ́run ló mọ iye wọn.” Èmi a tún fa ìlà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti béèrè bí wọ́n ṣe bí wọn, ọ̀rọ̀ a máa dà jáde bí omi. Wọ́n sọ̀rọ̀ òru, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀kan ní, “Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú kẹ̀kẹ́, ìkan wà lọ́run.” Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mi ò tún un ṣe.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Táíwò Road. Ọkùnrin náà yára lọ́wọ́. Nígbà tí mo padà lọ, ó tẹ́ ìwé síwájú mi: àtẹ tó tò gún régé, àwòrán onígi aláwọ̀ oríṣiríṣi, gíga àti kúkúrú.

Ó ní, “Ẹ wò ó, Alájì. Ó wuyì bí ànkàrá.”

Ó wuyì lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni mo rántí, àti gbogbo igi tí a fi ọwọ́ fà. Mo wo ìwé náà bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ tuntun: ẹwà rẹ̀ ni mo rí, mi ò ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá obìnrin náà ló kà á. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí igi tó dúró fún iye ọmọ.

“Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Òun ló kúrú jù. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn obìnrin àdúgbò yín kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ.”

Akọ̀wé tó jókòó tì í ní, “Bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀ ọmọ bíbí.”

Mo gba ìwé náà. Gbogbo ibi tí mo fa ìlà kékeré sí, ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ti kọ òdo sí i, ó sì ti rò ó pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù kó tó pín in dọ́gba. Gbogbo obìnrin tó dákẹ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ṣe iyebíye lójú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́ di àgàn.

“Òdo kọ́ nìyí,” mo ní. “Wọn ò fẹ́ kà wọ́n ni.”

“Kí ni kí n wá kọ, Bàbá?” ọ̀gá náà béèrè. “Ṣé kí n kọ ‘wọn ò fẹ́ kà wọ́n’?”

Mo ṣí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó jẹ́ kí n kà á tán.

“Ó dùn mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé ènìyàn mélòó ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wo igi kúkúrú yìí. Ẹ tún un ṣe wá lọ́jọ́ Ajé.”

Mi ò lè lọ sílé. Mo rìn wọ Ipata láìmọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Obìnrin àdúgbò wa kan ń ta ọkà bàbà níbẹ̀, mo ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò rí. Ó fún mi ní àpótí jókòó, ó fún mi lómi. Nígbà tí mo dìde, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi ṣàdúà fún àwọn ọmọ mi.”

“Kí lorúkọ wọn?”

Ó pè wọ́n láti orí àkọ́bí. Bó bá dé orí òmíràn, á ní, “Ọlọ́run jí i sí àlùjánnà,” á tún máa bá a lọ. Mo ṣàdúà, a fi ọwọ́ pa ojú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé obìnrin yìí ti dáhùn ìbéèrè mi. Kò ka ọmọ kankan. Orúkọ ló pè.

Ni mo bá tún gbogbo ilé rìn. Mo sọ òótọ́ fún wọn: màá ṣàdúà, màá sì kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìjọba, ṣùgbọ́n èmi ò ní kà wọ́n.

Ìyálé tó ń sẹ́ ògì ní, “Ta ni yóò wá kà wọ́n?”

“Ẹni tó rán mi ni.”

“Ó dáa. Kó wà lọ́rùn rẹ̀.”

Nígbà tí mo dé ilé, ọmọbìnrin mi ní, “Bàbá, ẹ ò bi èmi.” Mo ṣí ìwé mi. Ó ní, “Èyí tó lọ ò lórúkọ. Ibo lẹ máa kọ ọ́ sí?” Mo mú bírò, mo fa ìlà kékeré. Ó wò ó títí, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò mú àwòrán onígi kankan lọ. Orúkọ àwọn ọmọ obìnrin kọ̀ọ̀kan ni mo kọ, ohun tí ìyá wọn sọ nípa ọ̀nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣóńṣó bírò kà wọ́n, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé orí ìlà kékeré, ó dúró.

“Èyí ńkọ́?”

“Ọmọ ọmọ mi ni.”

Akọ̀wé kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́tà wọn ti dé. Wọn ò ní ti ilé ìgbẹ̀bí náà pa mọ́, ṣùgbọ́n ojúmọmọ nìkan ni yóò máa ṣí. Àwọn àgbà ń bọ̀ mí lọ́wọ́: “Alájì, ìwé yín ṣiṣẹ́!” Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo gbàgbé. Nínú gbogbo ìbéèrè mi, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ìgbà wo nínú ọjọ́ lọmọ rẹ̀ dé. Òru kún inú ọ̀rọ̀ wọn, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mi ò sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹni tó ń wò ó lè rí i.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn, lórí ìgbà tí ọmọ ń dé. Ìbéèrè kan péré ni, kò sì sẹ́ni tó kọ̀ láti dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù ọmọbìnrin mi ti pé. Bí a bá ti kírun Alásàrí tán ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí. Ọmọbìnrin mi náà ń gbọ́ ọ. Á wò mí, á gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, èmi a sì máa bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.