Obìnrin Tó Ní Ká Kà á Sókè

Títí dòní, bí mo bá ń ka nǹkan, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú wa n'Ígàndó ni mo ti kọ́ ọ. Bá a bá ń ka garawa omi tá à ń pọn sí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, á ní, "Ẹ kà á sókè, kí etí yín gbọ́ ọ."

Nígbà tí wọ́n ṣì ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún, ó kó àwa ọmọ ilé mẹ́rin dání lọ síbi ìdìbò. Ó ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ká máa wò. Òun náà lọ tò. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ń fọwọ́ kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa náà ń ka ìlà ìyá tíṣà wúyẹ́wúyẹ́.

Òṣìṣẹ́ náà kéde pé ìlà ìyá tíṣà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin, ó fi márùn-ún ju ìlà kejì lọ. Wọ́n hó yèè. Ìyá tíṣà yíjú sí wa.

"Mélòó lẹ kà?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, mà."

Ó yíjú padà sí òṣìṣẹ́ náà: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wa kà."

Ẹnìkan pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Màmá, kí ló ń ṣe yín? Tiwa mà nìyẹn!"

Wọ́n tún un kà, ìlà rẹ̀ sì fìdí rẹmi.

Kò sẹ́ni tó kí i lọ́nà nínú àwọn tí wọ́n jọ tò. Nígbà tá a dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ló wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ó wù mí gan-an kí tiwa borí o."