Ìgbà Tí Káyọ̀dé Ń Gé Wa Jẹ

“Ó gé mi jẹ!” Igbe yìí ni mo gbọ́ láàárọ̀ àná bí mo ṣe mú ọmọ ọmọ mi dé ẹnu géètì jẹ́lé-ó-sinmi. Mo yẹ apá rẹ̀ méjèèjì wò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ló ṣì wà, kò tíì wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà lọ, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, torí igbe náà ti gbé mi padà sí Ìjurin, ìlú wa, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Lágbo ilé wa nígbà ìkórè kòkó, kò sí ìyá tó lè mú ọmọ kékeré lọ sóko láìfòyà. Àdá pọ̀ níbẹ̀, ejò sì fẹ́ràn abẹ́ ewé kòkó gbígbẹ. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Yèyé, àgbà obìnrin tí orúnkún kò jẹ́ kó lọ sóko mọ́, ni wọ́n ń kó ọmọ sí. Abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé ló ń tẹ́ ẹní sí. Ó ní ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ adìẹ nìkan ló ń fi lé. Èmi ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti jáde lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ.

Àbúrò mi, Káyọ̀dé, ni ìṣòro ibẹ̀. Ó ti ń sáré kiri, ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ̀rọ̀, eyín ló fi ń sọ tirẹ̀. Ó gé èmi jẹ, ó gé àwọn ìbejì kan lágbo ilé wa jẹ. Lọ́jọ́ tó gé Bọ̀sẹ̀, ọmọ mìíràn tí Yèyé ń tọ́jú, jẹ léjìká tí ojú eyín hàn roboto, Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ wá bá Yèyé níṣojú ìyá wa.

“Yèyé, ṣé ọmọ lẹ ń tọ́ níbí ni, àbí ajá lẹ ń sìn?”

“Bó bá jẹ́ ajá ni mò ń sìn, ta ló ń gbé tìrẹ wá láràárọ̀?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó ní bí Káyọ̀dé bá tún gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ìyá wa máa gbé e lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ejò ti bu ọmọ kan ṣán rí nínú oko tó bá tiwa pààlà.

Ẹnì kan ní kí a fi ata sí Káyọ̀dé lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní kí Bọ̀sẹ̀ gé e jẹ padà. Yèyé ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó ń wá.”

Ó wò ó, ó sì rí i. Ìgbà tí a bá ń pín uṣu sísun, bí a ti ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa, ni eyín ń yọ. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Kó tó kan Káyọ̀dé, ibi tó jóná ló kù, ẹnì kan á sì tún fẹ́ já ìyẹn gbà. Lọ́jọ́ kejì, iwájú rẹ̀ ni Yèyé kọ́kọ́ gbé àwo sí. Àwa ọmọ ńlá kùn.

“Yèyé, àwa la dàgbà jù ú lọ!”

“Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ulé.”

Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ Káyọ̀dé lé uṣu rẹ̀, ó ní, “Wí pé, tèmi ni.” Káyọ̀dé kàn ń wò ó. Ojoojúmọ́ ló ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ó tún gé mi jẹ. Mo fi apá aṣọ ilé ìwé mi bo ojú eyín náà kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ má baà rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Bọ̀sẹ̀ tètè dé láti oko, ó dúró tì wá. Bọ̀sẹ̀ na ọwọ́, ó mú uṣu Káyọ̀dé. Ẹnu Káyọ̀dé là. Mo rí eyín, mo dijú.

“Tèmi ni!”

Ohùn náà le débi pé Bọ̀sẹ̀ ju uṣu sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́: “Há! Ajá yín ti ń fọhùn!” Kò sì dárúkọ oko mọ́. Nígbà tí ìyá wa dé nírọ̀lẹ́, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Káyọ̀dé fi di ìró rẹ̀ mú, tó ní, “Tèmi ni.” Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ìyá wa fi nu ojú.

Yèyé ti lọ, àwọn ìyá tó ń fọ́ kòkó náà kò pọ̀ mọ́. Ẹni tí a kò mọ ìdílé rẹ̀ ló ń bá wa tọ́ ọmọ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò yí padà. Èyí tó ń fi eyín wá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹni tí yóò jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ló ń wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì tíì tán láyé.