Itan Mi àti Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Kóòṣì

Ohun tí mo fẹ́ kò tóbi. Mo fẹ́ gbé ọ̀pá irin lé èjìká, kí n lóṣòó títí ìdí mi á fi rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ, kí n sì dìde fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é rí. Ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Jíìmù kan ládùúgbò Fadikpe ni mo ti ń kọ́ ọ tí mo bá ti iṣẹ́ tíṣà dé. Kóòṣì wa kúrú lẹ́sẹ̀, ó gùn láyà. Tó bá lóṣòó, á sọ̀kalẹ̀ tààrà bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Ó wá rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá gbogbo wa nìyẹn. Ó tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ó ní ibẹ̀ ni kí gbogbo wa máa dúró sí. Àyà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Orúnkún ò gbọ́dọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Tí mo bá ṣe bó ṣe wí, ẹ̀yìn ni mò ń ṣubú sí. Tí mo bá tẹ̀ síwájú kí n má baà ṣubú, ìjà dé.

“Haba, Àǹtí! Ẹ̀ ń tẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀! Ẹ gbé àyà sókè!”

“Kóòṣì, tí mo bá gbé e sókè, màá ṣubú.”

“Ẹ̀rù ló ń bà yín. Gírámà yín ti pọ̀ ju okun yín lọ.”

Àwọn tó kù ní jíìmù rẹ́rìn-ín. Ó pè mí ní ọ̀lẹ lójú èèyàn mọ́kànlá, mo kà wọ́n. Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní igi ìgbálẹ̀. Nígbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó ní ọjọ́ orí ni.

Màmá télọ̀ kan ládùúgbò Soje ló là mí lójú. Mo lọ dá ṣòkòtò. Ó na téèpù láti ìbàdí mi dé orúnkún, ó tún un nà.

“Kai! Ọmọ mi, itan rẹ gùn o! Òkè ara rẹ ò sì tó nǹkan. Ta ló tò ẹ́ báyìí?”

“Àwọn òbí mi ni, mà.”

“Ṣòkòtò tí wọ́n rán sílẹ̀ ò lè bá ẹ mu láéláé. Àfi ká gé tìrẹ.”

Ìṣẹ́jú kan ló fi mọ ohun tí kóòṣì ò mọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Mo rò ó délé: àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹrù gbọ́dọ̀ dúró lé. Itan gígùn á ti ìdí lọ sẹ́yìn jìnnà, àyà á sì tẹ̀ síwájú láti gbà á. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní Sátidé, kí kóòṣì tó dé, mo kúrò lórí ìlà. Mo ya ẹsẹ̀ gbòòrò, mo yí ọmọ ìka síta, mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ gìgísẹ̀, mo gbé irin lé ẹ̀yìn, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ. Mo sọ̀kalẹ̀. Itan mi kan ikùn. Gbogbo ara mi dákẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tó délé. Mo dìde.

Kóòṣì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ta pákó náà nípàá.

“Ẹ wọn itan mi, kí ẹ tó bú mi,” ni mo wí.

“Ẹni tí ìlà mi ò bá gbà, kó máa lọ.”

Mo gbé báàgì mi. Kò sí ibòmíràn nítòsí tó ní irin. Mo máa ń gbé àpò ìrẹsì lóṣòó nílé, kò jọ ọ́. Ńṣe ló máa ń rọ̀ lé mi lọ́rùn. Tí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ kọjá Fadikpe nírọ̀lẹ́, tí mo sì gbọ́ tí irin ń kan irin, ẹsẹ̀ mi á ya gbòòrò fúnra rẹ̀, ẹni tó jókòó tì mí á ní kí n sún kẹ́rẹ́.