Àgbọ̀n Orval Tackett

Ó tọ́ kí á fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà: bí ẹnikẹ́ni bá bi Orval Tackett ní ibi tó ń lọ lórí adágún, àgbọ̀n ló fi máa ń tọ́ka, ibi tí àgbọ̀n náà bá sì kọjú sí, kì í lọ síbẹ̀. Tó bá ní ìlà oòrùn, ẹ lọ máa wò ó ní ìwọ̀ oòrùn. Tó bá ní òkè, ìsàlẹ̀ ni. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan ní ìlú Pinch Fork tó bínú sí i, nítorí gbogbo wọn ló ń pa irọ́ yìí. Tirẹ̀ kàn ṣe déédéé ju tàwọn yòókù lọ ni.

Igi Kérésìmesì ló fà á. Ní àwọn òkè Arkansas níbí, kò sí apẹja tí orí rẹ̀ pé tó máa gbé igi Kérésìmesì rẹ̀ jù sórí ààtàn. Tí ọdún bá ti kọjá, tí ewé igi bá ti ń gbọ̀n sílẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á so bulọ́ọ̀kù mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á dúró de àárọ̀ tí kùrukùru bo ojú omi, wọ́n á wá gbé e lọ rì sí ibi tí ojú ẹlẹ́gbẹ́ wọn ò tó. Abẹ́ igi bẹ́ẹ̀ ni ẹja kírápì máa ń sá pamọ́ sí títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹja pẹlẹbẹ ni, ó funfun, ó ní tóótòòtó dúdú lára, ètè rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bíi bébà: bí o bá fi agbára fà á, ètè á ya, ẹja á lọ, á sì wá ku ìwọ àti okùn nìkan. Ẹni tó mọ ibi tí igi rẹ̀ wà, á jẹ ẹja. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, á wo àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, “Níbo lò ń lọ?” kì í ṣe ìbéèrè lórí adágún yìí. Ìkíni ni. Irọ́ sì ni ìdáhùn ọmọlúàbí.

Ilé ìlagi ni Orval ti ṣiṣẹ́ títí eruku pákó fi há ohùn rẹ̀. Kò lówó, kò jẹ gbèsè, kò sì ta ẹnikẹ́ni yọ rí. Ohun méjì péré ló ní tí ẹlòmíì lè fẹ́ gbà: igi abẹ́ omi, àti Delphia, ìyàwó rẹ̀. Delphia náà ní ohun kan tó máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kì í ra igi lọ́jà. Igi sídà tútù tó bá hù lẹ́bàá ọgbà Hollis Veach, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń fẹ́, Hollis fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gé e. Á wá fi okùn fàdákà wẹ́wẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìdí, débi pé bí èèyàn bá tan iná, ilé á máa tàn yinrin bíi pé òjò rọ̀ sínú rẹ̀.

Kérésì èyí tó kọjá lọ́hùn-ún, Delphia ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ tán, ó jókòó, kò sì dìde dáadáa mọ́. Kí oṣù kìíní tó parí, wọ́n ti sin ín. Àwọn ará ìjọ gbé oúnjẹ wá nínú àwo, wọ́n tún padà wá gba àwo wọn, igi ṣì wà ní ìdúró ní pálọ̀. Ó di pupa, ó gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀, Orval so bulọ́ọ̀kù mọ́ ọn, kò bọ́ okùn fàdákà kankan kúrò lára rẹ̀, ó sì dá gbé e lọ rì sómi.

Nígbà tí Hollis gbọ́, ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé.

“Igi yẹn, ẹ̀bá ọgbà mi ni mo ti gé e fún un,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“O ò lè pè mí kí á jọ lọ?”

“Mi ò lè pe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, Hollis.”

“Ó dáa. Níbo lo rì í sí?”

Orval la ẹnu kó sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, ó fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti ṣáájú ẹnu rẹ̀: ó ti kọjú sí afárá, ibi tí kò gbé igi kankan dé rí. Hollis wo àgbọ̀n yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Kò wá igi náà kiri. Ó ní òun ò ní máa wá ibojì àbúrò òun bí ẹni ń wá ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé, “Orval” ni, “Hollis” ni, ó parí. Àwọn méjì tí wọ́n ti jọ jókòó sínú ọkọ̀ kan náà láti ìgbà èwe ò tún jọ jókòó mọ́.

Ìgbà òtútù tó kàn ti ń parí lọ, tí yìnyín ti ń yọ́ létí omi ṣùgbọ́n tí omi fúnra rẹ̀ ṣì lè pa èèyàn, ni Orval gbọ́ pé Twyla, ọmọ Hollis, ń bọ̀ wá kó bàbá rẹ̀ lọ sí Tulsa. Ọkàn bàbá náà ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí Orval jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ láyé: kí Hollis bá òun jókòó sínú ọkọ̀ lókè igi Delphia lẹ́ẹ̀kan, kó tó lọ.

Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù Raylene létí èbúté, níbi tí Raylene ti ń ta ẹja wẹ́wẹ́ fún ìdẹ, àti kọfí tó ti wà lórí iná láti àná. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan jókòó yí hítà ká, wọ́n ń yáná, wọ́n ń purọ́.

“Hollis.”

“Orval.”

“Wọ́n ní ò ń kó lọ sí Tulsa.”

“Twyla ló ń kó mi. Tèmi ni kí n ṣáà jókòó sínú mọ́tò.”

“Kí lo wá máa ṣe níbẹ̀?”

“Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ilé wọn tóbi.”

Orval gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. “Wá bá mi lómi lọ́la. Kọ̀rọ̀ Mulkey, lẹ́yìn àpáta tó rí bí àga. Ibẹ̀ ni igi Delphia wà.” Ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìlà oòrùn, ibi tí Kọ̀rọ̀ Mulkey wà gan-an.

Àwọn tó ń yáná yíjú sí i.

“Ẹ wá gbọ́ o,” ọkùnrin kan ní nídìí iná. “Bàbá yìí ti ń hun irọ́ tuntun.”

“Kò tíì yọ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an,” Raylene ní. Ẹ̀rín bú.

“Òótọ́ ni mò ń sọ, Hollis.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn,” Hollis dáhùn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àgbọ̀n Orval pẹ́, ó ní, “Mo ti gbọ́,” ó sì jáde.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú ojú ọ̀run tó rí bí eérú. Orval ti wà ní Mulkey kí ẹyẹ tó jí. Ife méjì ló gbé lọ́wọ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó iwájú, nítorí Hollis kì í jókòó sẹ́yìn. Kírápì ń jẹun dáadáa. Ó fa ọ̀kan, ó fa òmíràn, jẹ́jẹ́, kí ètè má ya. Nígbà kan, ìwọ̀ rẹ̀ há, ó rọra tú u, ohun tó bá a gòkè sì jẹ́ okùn fàdákà kan ṣoṣo, tó tutù, tó ṣì ń dán. Ó nu ún gbẹ, ó fi sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó fẹ́ fi han Hollis.

Hollis ò dé. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá àríwá. Nínú kọ̀rọ̀ yẹn, òkè dí i, orí omi nìkan ló ń gbọ̀n. Orval sọ fún ara rẹ̀ pé agídí ló ń ṣe bàbá náà, pé ó ti padà sùn. Ó mu kọfí tirẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó mu ti Hollis náà, kó má baà tutù tán.

Nígbà tó gúnlẹ̀ sí èbúté, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù Hollis. Tírélà tó fi ń fa ọkọ̀ ojú omi wà lẹ́yìn rẹ̀, òfìfo.

Raylene yọjú. “Bàbá Orval, ẹ ò jọ wà pa pọ̀ ni?”

“Níbo ló gbà?”

“Ẹ̀yin kúkú lẹ sọ ọ́. Ó ní, ‘Orval ní Mulkey, ìsédò nìyẹn.’ Ó tiẹ̀ ń fọn fèrè lọ. Ó ní òun ti mú yín lónìí.”

Ìsédò, ògiri ńlá tí wọ́n fi sé omi adágún, wà ní ìwọ̀ oòrùn, ibi tí adágún ti fẹ̀ jù, tó jìn jù, tí kò ní òkè kan tó máa gba afẹ́fẹ́ dúró. Omi tútù yẹn ni ẹja tíráótù fẹ́, àwọn tó ń wá a níbẹ̀ ò sì jẹ́ fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ bíi ti Hollis lọ nírú ọjọ́ yẹn. “Pe àwọn ọlọ́pàá,” Orval ní, ó sì ti tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.

Ó rí i níbi àwọn igbá aláwọ̀ ọsàn tó ń léfòó, tí wọ́n fi okùn so kọjá níwájú ìsédò. Ọkọ̀ ti kún, ó ti dojú dé. Hollis fi apá kọ́ okùn náà, ètè rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró. Orval ò fi agbára fà á. Bí ó ṣe ń fa kírápì náà ló ṣe fà á, díẹ̀díẹ̀, títí àyà bàbá náà fi gun etí ọkọ̀.

“Kò sí igi kankan níbí,” Hollis ní, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

“Mo mọ̀.”

Omi ò pa á lọ́jọ́ náà. Ó kàn wọ̀ ọ́ láyà ni. Orval lọ wò ó ní ọsibítù, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Hollis la ojú, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

“Mo júbà rẹ,” ó ní. “Nínú gbogbo irọ́ tó o ti pa, ìyẹn ló dáa jù. O mọ̀ pé mi ò ní gbà ọ́ gbọ́, o wá lọ sọ òótọ́.”

“Mi ò parọ́, Hollis.”

“Ohun témi náà ń sọ kọ́ nìyẹn?”

“Mo fẹ́ kó o wá ni. Mo gbé ife méjì dání.”

“Wò ó. Ó tún mú ife mọ́ ọn.”

Orval mú okùn fàdákà jáde nínú àpò, ó gbé e sí i lọ́wọ́. “Ara igi rẹ̀ ló ti wá. Ìwọ̀ ló gbé e.”

Hollis gbé e sókè síbi iná, ó wò ó títí. “Raylene ń ta irú ẹ̀,” ó ní. Àmọ́ kò dá a padà.

Kí oṣù tó kú, Hollis ti kú. Nígbà tí Twyla ń kó ẹrù bàbá rẹ̀, Orval béèrè okùn náà. Twyla ní òun ò rí nǹkan bẹ́ẹ̀, pé nọ́ọ̀sì ti gbálẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tí òótọ́ máa ṣe nígbà tó bá bá a tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n jẹun nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Orval ló gbé ẹja wá, kírápì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ra lára, tí wọ́n dín títí ó fi pọ́n. Gbogbo ènìyàn ló jẹ ẹ́, gbogbo wọn ló sì ń béèrè ibi tó ti pa á. Orval gbé orí sókè, ó ní Kọ̀rọ̀ Mulkey ni, lẹ́yìn àpáta tó rí bí àga, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ń gbá a léjìká. Wọ́n ní bàbá náà ò yí padà, kódà ní ọjọ́ ìsìnkú.

Twyla tẹ̀lé e dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. “Ọ́ńkù Orval,” ó ní wẹ́rẹ́, “èmi nìkan ló kù nínú ìdílé wọn. Ẹ sọ fún mi. Níbo ni igi Àǹtí Delphia wà gan-an?”

Orval fi àgbọ̀n kọjú sí Mulkey. Twyla dì mọ́ ọn, ó dúpẹ́, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀, bó ṣe ń wo ọ̀nà ìsédò.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ Pinch Fork tò lọ sí ìwọ̀ oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orval nìkan ló wà ní Mulkey, ìjókòó iwájú rẹ̀ ṣófo, ife méjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa débí, tí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀: bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sómi ní èbúté yẹn lọ́la, tí ẹ bi bàbá náà, tó sì fi àgbọ̀n kọjú sí ìlà oòrùn, apá ibo gan-an lẹ máa darí ọkọ̀ yín sí?